Kérésìmesì àwa mẹ́rin, Kérésìmesì agbo ilé: ọjọ́ mẹ́fà ní Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kejìlá, 2024

Agége la ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwa mẹ́rin ni: èmi, Bàbá Ìbejì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Ọkọ̀ kún fọ́fọ́. Obìnrin tó jókòó níwájú mi gbé kúlà ńlá kan lé itan, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí a fi dé. Inú àwọn ọmọ dùn débi pé wọn ò lè jókòó, ojú fèrèsé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ títí tá a fi kọjá Pápáláńtò. Èmi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkàn mi ti lọ sídìí ààrò.

Ọdún 2021 la ti ṣe Kérésìmesì nílé gbẹ̀yìn. Èèyàn bí ogójì ló sùn nínú agbo ilé wa ní Ìtòkò lọ́dún náà, n ò tíì ka àwọn tó wá jẹun tí wọ́n padà sílé wọn. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti dìde bó àlùbọ́sà. Mo se ìrẹsì, mo dín ẹran, mo fọ abọ́, mo tún gbé omi òmíràn kaná. Ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí n tó fi oúnjẹ kan ẹnu, ìdí ìkòkò sì ni mo ha. N ò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ara Kẹ́hìndé ń gbóná, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ mọ̀, kì í ṣe èmi ìyá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbọ́ tí ẹnì kan nínú ilé ń sọ pé àwọn ìyàwó Èkó ò lè ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Nígbà tá a padà dé Agége, mo sọ fún ọkọ mi pé Kérésìmesì tó ń bọ̀, àwa mẹ́rin nìkan ni. Kò bá mi jiyàn. Ọdún 2022 àti 2023, ilé wa la wà. N ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo sùn, oorun kún ojú mi. Ìkòkò ìrẹsì kékeré kan, adìyẹ kan, ó tó wa jẹ dọjọ́ kejì. A lọ sí ìsìn òwúrọ̀, a padà wálé, a na ẹsẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ ta ayò. Ẹni tó bá ń sọ pé ọdún tí tọkọtaya àtọmọ wọn dá ṣe kì í ṣe ọdún, kò tíì rẹ olúwarẹ̀ bó ṣe rẹ mí ni.

Ṣùgbọ́n mo ń wo ọkọ mi náà. Lọ́jọ́ Kérésìmesì 2023, ó gbé fóònù jáde síta, ó ń pè wọ́n nílé níkọ̀ọ̀kan: ìyá rẹ̀, Bàbá Kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀. Ó lé ní wákàtí kan tó fi dúró níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní wọ́n ń dín ẹran lọ́wọ́, òun ń gbọ́ bó ṣe ń ta nínú epo. Ó jókòó, kò sì sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àdéhùn tá a wá ṣe lọ́dún yìí ni pé a ó lọ, ṣùgbọ́n ilé àlejò kan ní Ìbarà la ó máa sùn. Ilẹ̀ á mọ́, a ó lọ kí wọn, a ó bá wọn jẹun, bílẹ̀ bá ṣú, a ó padà sí yàrá wa. Ó dà bí ẹni pé a ti rí ọgbọ́n ta sí i.

Ibùdókọ̀ Ládérìn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, la sọ̀ sí. Ọyẹ́ ti mú, ètè àwọn ọmọ ti ń sán. Takisí gbé wa dé Ìbarà. Yàrá mọ́, omi ń yọ dáadáa, iná wà. A jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, a sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la dé Ìtòkò. Láti Sápọ́n ni ọkọ̀ ti ń fà díẹ̀díẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó wálé ọdún ló ń rajà lójú títì: fìlà, bàtà ọmọdé, bàlúùnù, bísíkíìtì onípáálí. Ní Ìtòkú, àwọn aládìírẹ ti tẹ́ aṣọ dé etí títì.

Bàbá Kékeré jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga onígi rẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni, òun sì ni olórí ẹbí báyìí. Bàbá Ìbejì dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, àwọn ọmọ ṣe bí wọ́n ṣe rí wa tá a ṣe. Ó súre fún wa, ó fọwọ́ pa àwọn ìbejì lórí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ mà tètè dé. Aago mélòó lẹ kúrò l'Ékòó?"

Ọkọ mi ní, "Àná la ti dé, sà. Ìbarà la sùn."

"Ọ̀dọ̀ ta ni ní Ìbarà?"

"Ilé àlejò ni, sà."

Bàbá Kékeré bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò pariwo. Ó nawọ́ sí pálọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n sin bàbá ọkọ mi sí, tí wọ́n fi táìlì funfun tẹ́ lé e lórí. Ó ní, "Bàbá rẹ wà níbí. Ìwọ wà ní Ìbarà."

Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ mi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ò dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó kàn fà mí lọ́wọ́ lọ sí yàrá tí ọkọ mi ń gbé nígbà tó wà lọ́mọkùnrin, ẹ̀gbẹ́ kànga lọ́hùn-ún. Wọ́n ti kun ún. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tuntun ti wà níbẹ̀, okùn tí Màmá sì fi dè é mọ́ ìṣó, àǹkárá àtijọ́ kan ló fà ya tó fi ṣe é. Mo dá aṣọ náà mọ̀. Aṣọ tá a fi ṣe ìsọmọlórúkọ àwọn ìbejì ni. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn méjì, òórùn káfúrà ṣì wà lára aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ìrọ̀rí mẹ́rin ló wà lórí wọn. Ìrọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni mo ń wò. Ó ti ka iye wa.

Mo jáde, mo ní kí ọkọ mi lọ gbé ẹrù wa wá láti Ìbarà. Owó alẹ́ kejì tá a ti san, wọn ò dá a padà. N ò tilẹ̀ bá wọn sọ ọ́.

Lọ́sàn-án, èmi àti ìyàálé mi lọ sọ́jà Kútọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ọdún kejìlélógún rẹ̀ nínú ilé nìyí. Àpò ìrẹsì ń lọ ní nǹkan bí ₦100,000. Owó tí wọ́n dá lórí Wasáàpù ẹbí ti tán kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn alálùbọ́sà. Ìyàálé mi tú etí ìró rẹ̀, ó yọ owó tirẹ̀ kún un, ó ní kí wọ́n wọn àlùbọ́sà fún wa. Mo bi í bóyá ó máa sọ fún wọn nílé. Ó ní kí ni òun fẹ́ sọ, ọdọọdún ló ń ṣẹlẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ ata la ti pẹ́ jù, èrò tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Níbẹ̀ ni mo ti bi í pé, "Mà, ta ló bá yín ṣe é lọ́dún méjèèjì tí a ò wá?"

Ó ní, "Èmi àti ọmọ mi obìnrin. Lọ́dún kejì, òun náà ní ìdánwò, ó ku èmi." Ó ń wo ata tó ń ṣàn sínú ike, kò wo ojú mi. "Ìyá Ìbejì, n ò bínú sí ẹ. Ó rẹ̀ ẹ́, o lọ sinmi. Ó rẹ èmi náà. Níbo ni kí n lọ?"

Ariwo ẹ̀rọ gbogbo ibẹ̀, mo lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mo sọ ẹrù kan kalẹ̀ tó wúwo jù fún mi. Orí obìnrin yìí ni mo gbé e lé.

Mi ò wá kábàámọ̀ ìsinmi tí mo sinmi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: ó yẹ kí n sinmi. Ohun tó ń dùn mí ni pé bá a ṣe ń jà nílé wa pé ṣé ká lọ ni àbí ká má lọ, ṣé àwa mẹ́rin ni àbí gbogbo ẹbí, kò sẹ́ni tó bèèrè nínú èmi àtọkọ mi pé ta ni yóò bó àlùbọ́sà tí a ò bá lọ.

Lálẹ́, mo rò ó fún Bàbá Ìbejì bó ṣe jẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó dìde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó ní kí n má jí láago mẹ́rin.

Ọjọ́rú, 25, ọjọ́ Kérésìmesì

Ohùn Màmá ló jí mi, aago márùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, àwọn ọmọ ń wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá ti kúnlẹ̀, yóò di ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Kò kánjú. Nígbà tó kan àwọn ìbejì, Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí èmi náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó wọ inú oríkì ìlà baba wọn lọ, ó ń dárúkọ àwọn èèyàn tí n ò gbọ́ rí, ẹni tó lọ sógun tó bọ̀, ẹni tó ní oko títí dé etí odò Ògùn, obìnrin kan tó pa aṣọ láró títí apá rẹ̀ fi dúdú dé ìgúnpá. Táyé, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa ń rín tí mo bá ń kì í nílé, kò rín. Ojú Màmá ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti hunjọ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà méjèèjì títí tó fi parí.

Èmi ni mo bí wọn, n ò sì mọ oríkì ìlà baba wọn ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Bàbá wọn mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mo sá wọlé mú fóònù, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tó kan Kẹ́hìndé.

Lẹ́yìnkùlé, ọkùnrin márùn-ún ló yí ààrò ká. Bàbá Alhájì ti wá láti ilé kejì, ó ti pa ewúrẹ́ méjèèjì kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere. Òun ló máa ń pa á lọ́dọọdún, kí gbogbo ilé lè jẹ ẹ́. Nínú agbo ilé wa, àwọn kan ń kírun, àwọn kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ńlá kan náà ló bí gbogbo wọn. Tó bá di Ọdún Iléyá, tiwa ni láti jókòó kí wọ́n gbé ẹran wá bá wa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló gbé ìkòkò irin ńlá ka orí ààrò olókùúta mẹ́ta. Bàbá Ìbejì ń fẹ́ iná. Wọ́n béèrè iyọ̀, wọ́n béèrè iye omi, wọ́n béèrè ìgbà tí ata yẹ kó dín tó. Ìyàálé mi ti wọ àǹkárá ọdún rẹ̀, ó ti wé gèlè, ṣùgbọ́n kò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòkò yẹn ló ń wò bí ẹni tó gbé ọmọ rẹ̀ lé àjèjì lọ́wọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á. Ó ní, "Wọn ò tíì gbọn ìrẹsì náà dáadáa o, òkúta wà nínú ẹ̀." Mo ní kí wọ́n fi eyín wá a. A lọ.

Aké la lọ, sí Kàtídírà Pétérù Mímọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. A rí àyè há ara wa mọ́ lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tí dùùrù gbé e, ìyàálé mi ṣí ìwé orin, kò kọrin. Omi ló ń bọ́ lójú rẹ̀. N ò bi í. Ọwọ́ rẹ̀ tó fi di ìwé náà mú, mo ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà lára rẹ̀, òórùn kan náà sì wà lára tèmi.

Mo jókòó síbẹ̀, ìtàn kan tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé wá sí mi lọ́kàn. Ọdún 1821 ni ogun kó Àjàyí ní Òṣóògùn, tí wọ́n tà á sẹ́rú, tí òun àti ìyá rẹ̀ fi pínyà. Ọmọdékùnrin ni nígbà náà. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn tó ti di Samuel Àjàyí Crowther, tó ti di àlùfáà, ìlú Abẹ́òkúta yìí ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kanra. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbáko. Ní 1848 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Láti kékeré, ọmọ ni mo máa ń rò tí mo bá gbọ́ ìtàn yìí. Lónìí, ìyá náà ni mo ń rò, gbogbo ọjọ́ ọdún tó dé tó lọ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà, àti bó ṣe ń bu oúnjẹ fún àwọn tó kù.

Nígbà tá a padà délé, ojú gbogbo àwọn ọkùnrin ti pọ́n nítorí èéfín. Ìrẹsì jóná nídìí díẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ pé, ó dùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, àyà ẹ̀wù rẹ̀ dúdú. Ó gbójú sókè wo ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ ọdún, ó ní, "Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe é lọ́dọọdún nìyí?"

Kò dá a lóhùn. Ó bọ́ bàtà, ó fẹ́ lọ síbi abọ́. Màmá ló pè é padà pé kó jókòó ti òun, kó jẹun. Ó jókòó.

Àwọn ọmọ ló gbé abọ́ ìrẹsì tá a fi ìdérí dé kiri àdúgbò, sílé Bàbá Alhájì, sílé àwọn tó ń ran aṣọ ní ìkọjá ọ̀nà, sílé ìyá kan tó ń dá gbé. Bí abọ́ kan bá ti lọ, owó tàbí bísíkíìtì ló ń bá a bọ̀. Kẹ́hìndé wá bi mí pé, "Mọ́mì, àwọn ọmọ yìí, kí ni wọ́n jẹ́ sí wa?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ni wọ́n."

"Gbogbo wọn? Ṣé ẹ̀yin lẹ bí wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó wọ̀ mí lọ́kàn. Nílé wa ní Agége, ó ti mọ̀ pé èèyàn méjì ló bí òun, ẹnì kan ṣoṣo ló sì bá òun wáyé. Mo wá ọ̀rọ̀ kan ní Yorùbá tó máa túmọ̀ sí ọkọ, ìyàwó àtọmọ nìkan, kó parí síbẹ̀. N ò rí i. Ẹbí ò parí síbẹ̀, ìdílé ò parí síbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, ọmọ àbúrò bàbá bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ni gbogbo wọn. Èmi pàápàá, ìyàwó, gbogbo ọmọ ilé yìí ni mo sọ lórúkọ nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, torí n ò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn gan-an. Ọmọdékùnrin kan tí mo ń pè ní Akọ̀wé nígbà tí kò tíì lè kọ A, ó ti wọ yunifásítì. Ó wá kí mi, ó ní, "Ìyàwó mi, Akọ̀wé yín ti dé." Ọdún mẹ́ta ni n ò tíì pe orúkọ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, 26

Ìpàdé ẹbí, nínú pálọ̀ ńlá. Ọjọ́ yìí ni wọ́n máa ń fi sí nítorí àwọn ọmọbìnrin ilé. Ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, ààrò ilé ọkọ wọn ni wọ́n ń dáná sí. Ìbàdíàrán, àbúrò ọkọ mi, dé láti Ìbàdàn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wú.

Páànù ẹ̀yìn ilé ló gba wákàtí kan àkọ́kọ́: ta ló san, ta ni kò san. Ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Nígbà tí Bàbá Kékeré béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kù, ìyàálé mi nawọ́. Gbogbo ilé yí ojú sí i, torí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí, ọdún méjìlélógún, àná ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù Kérésìmesì. Bí ẹ bá ní kí n máa ṣe é lọ, màá ṣe é. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀ ni."

Ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe ṣe é. Ìbàdíàrán dá a lóhùn pé àwọn ìyá wa ò sọ pé kò rẹ àwọn, a ò bi wọ́n ni. Inú mi dùn sí i, ọmọ ilé ló sọ ọ́, kì í ṣe ìyàwó. Abẹ́òkúta yìí náà kọ́ ni obìnrin kò ti sọ rí pé ẹrù pọ̀ lórí àwọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ta ko owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949. Àfi pé wàhálà tó wà nídìí ààrò tiwa, inú ilé ló wà, ojú ò sì tètè rí i.

Bàbá Kékeré dákẹ́ títí. Ó wá ní ohun mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin ló máa dáná ìrẹsì Kérésìmesì láti ìsinsìnyí lọ, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ náà. Àwọn ọmọ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn ló ni abọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣọdún nílé tirẹ̀ pẹ̀lú aya àtọmọ, kó ṣe é, ibi kan ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ lóṣù Kẹwàá, kó sì fi owó ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó wo ọ̀dọ̀ wa nígbà tó sọ ẹ̀kẹta yìí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Àwọn méjì kan jáde pẹ̀lú ìkùnsínú, mo rí wọn. N ò mọ̀ bóyá gbogbo rẹ̀ yóò dúró. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìpàdé, Akọ̀wé ló ń fọ abọ́ lẹ́bàá kànga, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Bàbá Ìbejì kó gbogbo ọmọ ilé, mẹ́rìndínlógún, lọ sí Olúmọ. Èmi àti ìyàálé mi tẹ̀ lé wọn. Ọdọọdún ló ń wo òkúta náà láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní láti ìgbà tó ti wà níléèwé lòun ò ti gùn ún.

Ẹni tó mú wa kiri rò fún àwọn ọmọ bí ogun ṣe fọ́n àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, bí Ṣódẹkẹ́ ṣe kó wọn dé abẹ́ òkúta yìí lọ́dún 1830, tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀ pẹ̀lú olóyè àti ọjà tirẹ̀, tí wọ́n sì di ìlú kan. Àwọn ọmọ ń béèrè ibi tí ọmọ ogun dúró sí. Ìyàálé mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ihò àpáta, ó ń fọwọ́ kan àwọn kòtò kéékèèké tó wà nínú òkúta, níbi tí wọ́n ní àwọn tó sá pa mọ́ síbẹ̀ ti ń lọ oúnjẹ. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó yí i ká. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, wò ó bó ṣe jinlẹ̀ tó."

A sọ̀ kalẹ̀ kí Bàbá Alhájì tó ti Jímọ̀ dé. Làfún àti ewédú la jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28

Àárọ̀ la kí wọn pé ó dìgbà. Màmá di èlùbọ́ làfún fún wa, ó fi àdìrẹ kan lé e. Bàbá Kékeré bi àwọn ìbejì pé ọmọ ta ni wọ́n, Kẹ́hìndé dá a lóhùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ oríkì méjì tó há sí i lórí, ó ṣì í sọ díẹ̀. Bàbá tún un ṣe fún un, ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Àwa márùn-ún la padà. Ọkọ mi ló lọ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lálẹ́ àná pé kó jẹ́ kí ìyàálé mi wá bá wa ṣọdún tuntun ní Agége, ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ta ló máa dáná fóun. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì báyìí. Báàgì kékeré kan ni ìyàálé mi gbé. Mo bi í kí ló fẹ́ jẹ tí a bá dé. Ó ní ohunkóhun, kí ẹnikẹ́ni ṣáà má jí òun kí oòrùn tó ràn.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la fi í sí. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Pápáláńtò, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, orí rẹ̀ ti fì sí èjìká mi. Àwọn ọmọ fẹ́ kọjá lọ wo ìta, mo fọwọ́ dá wọn dúró.